Jáàmù Ọsàn Ilé Màmá Tíṣà

Bí mo bá rántí Ṣakí, òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ṣúgà ni ó máa ń kọ́kọ́ kàn mí nímú. Kì í ṣe eruku ìgbà ọyẹ́, kì í ṣe èéfín igi ìdáná tí ó máa ń bo àárín àwọn àpáta ìlú náà ní ìrọ̀lẹ́. Èèpo ọsàn ni. Ó máa ń kọ́kọ́ dára ní imú, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ bó ọsàn tán tí omi èèpo rẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kíkorò yóò tẹ̀ lé e, yóò lọ jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun, itọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹnu. Kì í ṣe itọ́ ẹni tí ebi ń pa o. Itọ́ ẹni tí ó fẹ́ bì ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, ó ti kún ẹnu mi, jẹ́ kí n tu ú dànù ná.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í ṣe ẹni tí ó máa ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ilé ahunṣọ ni wọ́n ti bí mi ní Ìsẹ́yìn, a pọ̀ nílé, ohun tí wọ́n bá sè ni gbogbo wa jọ ń jẹ, ẹni tí ó bá sì yínmú sí i yóò sùn lébi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń yọ̀, tí ó ń fà bí ikun imú, kò bá mi lára mu láti kékeré. Ilá pàápàá, àfi kí wọ́n sè é kí ó jinná dáadáa kí n tó lè fi kan ẹnu. Mo fẹ́ sọ èyí sílẹ̀ kí o má baà rò pé ìgbéraga ni mo gbé lọ sílé àna.

Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ mi sọ́nà nígbà náà, olùkọ́ bíi tèmi ni. Àgọ́-Àrẹ ni ó ti ń kọ́ni, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìsẹ́yìn. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń bá ara wa bọ̀, n kò gbọ́ kí ó bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rí. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá bú u, yóò rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá kó iṣẹ́ ẹlòmíràn lé e lórí, yóò ní kò burú. Mo ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé èmi ní tèmi ti rí ọkọ, kì í ṣe àwọn oníbìínú tí í fi ìgbátí kí ìyàwó káàárọ̀. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìgbéyàwó ti wà fún ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde, nínú ìjọ àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣakí, níbi tí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ olórí àwọn obìnrin. Bàbá mi ti ta òwú aṣọ ìgbéyàwó mi sórí òfì, ó sì ti ń hun ún díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni kí n lọ fi Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kan ṣe àlejò lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, kí ó lè mọ irú ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé wálé. Ìyá mi di iṣu fún mi, ó sì di ọ̀rọ̀ kan lé e: "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún ọ níbẹ̀, jẹ ẹ́."

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì; ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé-ìwé. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń lo awò ojú, ara rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ilé rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti fi ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìnkùlé ni igi ọsàn kan wà, kì í ṣe irú èyí tí a ń mu. Ọsàn jàganyìn ni, ọsàn kíkorò tí èèpo rẹ̀ nípọn, tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ẹja tútù tàbí kí wọ́n fún un sí àgbo ikọ́. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá, wọ́n máa ń gbóòórùn rẹ̀ nílẹ̀ ni, wọn yóò sì kọjá lọ.

Ọsàn yìí ni Màmá Tíṣà fi ń se jáàmù. Ó ní nígbà tí òun wà nílé-ìwé àwọn olùkọ́ ni wọ́n kọ́ òun, pé mámáléèdì ni orúkọ rẹ̀ gan-an, pé ọsàn dídùn kò lè ṣe é kí ó dára, àfi èyí tí ó korò. Kò sí ìgbà ọyẹ́ kan tí kì í sè é sínú ìgò, tí yóò sì pín in káàkiri: fún pásítọ̀, fún ọmọ ìjọ, fún àna, fún ẹni tí ó bímọ, fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí o bá ṣe àṣìṣe láti kí i pé ó kú iṣẹ́ lọ́dún yìí, kí o múra sílẹ̀ láti gba ìlọ́po méjì lọ́dún tí ń bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo débẹ̀, mo sì bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé mi dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Káàbọ̀, ìyàwó wa. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kí o wá kọ́ iṣẹ́." Inú mi dùn. Mo rò pé ẹni tí wọ́n bá tètè fún níṣẹ́ ni wọ́n ti gbà sínú ilé. Ó ní kí n máa gé èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, tín-ín-rín bí okùn. Mo gé e títí ojú fi ń ta mí, tí abẹ́ èékánná mi ń gbóná bí ẹni tí ó fi ata ṣeré. Ìyẹn náà kò burú. Ohun tí ó wà nínú abọ́ kejì ni ó burú.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni ó ti rẹ kóró àwọn ọsàn náà sínú omi díẹ̀, pẹ̀lú awọ funfun inú wọn. Ó ṣí ọmọrí, mo sì wò ó. Àwọn kóró náà ti pọ ikun sílẹ̀, ikun tí ó ki, tí ó ń fà, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Màmá Tíṣà ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bù ú sókè. Ó ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀, ó gùn, ó gùn, kò fẹ́ já.

"Èyí gan-an ló ń jẹ́ kí jáàmù dì," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Àwọn tí ò mọ̀ a máa dà á nù."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni mo wí. Ẹnu ni mo ti fi ń mí.

Ó ṣàlàyé pé a óò di kóró náà sínú aṣọ, a óò sì jù ú sínú ìkòkò kí ó máa hó pọ̀ mọ́ èèpo. Mo ń retí kí ó mú aṣọ fífẹ́lẹ́ kan jáde, irú èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Ohun tí ó mú jáde ni síńgíléètì bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, síńgíléètì ọkọ rẹ̀ tí ó ti gbó, tí ó gé sí méjì. Ó mọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun ti sè é nínú omi gbígbóná, òun sì ti sá a sóòrùn. Ṣùgbọ́n ibi abíyá rẹ̀ ti pọ́n, irú pípọ́n òógùn ọjọ́ pípẹ́ tí ọṣẹ kankan kò lè bọ́ kúrò mọ́, ibi abíyá yẹn gan-an ni ó sì fi di kóró. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka Bíbélì. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ rẹ̀ tí ó ń wọ ìkòkò oúnjẹ, ó sì rọra gbé ojú padà sínú ìwé. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

Nígbà tí ó hó títí, ó fi ṣíbí onígi yọ aṣọ dídì náà, ó jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Fún un dáadáa. Gbogbo oore rẹ̀ wà nínú ẹ̀." Mo fún un. Ikun náà gba ojú síńgíléètì jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀, ó rọra ń wọ́ láti ẹ̀yìn ọwọ́ mi lọ sí ìgbúnwọ́, ìyókù sì ń kán tò sínú ìkòkò. Mo gbàdúrà sí Ọlọ́run nínú mi pé kí ó má jẹ́ kí n ṣe ohun ìtìjú nílé onílé. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà náà, àmọ́ ti ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi dé láti Àgọ́-Àrẹ. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ohun tí ojú mi rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ní sùúrù, pé láti kékeré ni nǹkan yẹn ti ń rí òun náà lára, pé tíì gbígbóná ni òun fi máa ń lé e lọ sísàlẹ̀ ọ̀fun. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ó gbọ́ èdè àjèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí tábìlì ká. Tíì wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ìgò jáàmù tuntun sì wà láàárín. Ó ti dì lóòótọ́. Bí Màmá Tíṣà ṣe fi ṣíbí bù ú, ó ń gbọ̀n, àwọn èèpo sì nà gbalaja nínú rẹ̀ bí aràn. Ó fi kun búrẹ́dì tèmi láti etí dé etí. Mo wo bàbá. Ó gé tirẹ̀ jẹ díẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ewúrẹ́, ó sì mú búrẹ́dì náà dání jáde. Mo wo ọmọ wọn. Ó ń jẹ, ó ń mi orí, ó ní, "Mọ́mì, tọdún yìí tún dáa ju tèṣí lọ." Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọdé. Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi.

Mo gbé e sẹ́nu. Kíkorò ni mo kọ́kọ́ pàdé, ìyẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan, ta ni kò mu àgbo rí? Ṣùgbọ́n èèpo kan yọ̀ lórí ahọ́n mi, ó lọ sùn sí ẹnu ọ̀nà ọ̀fun, kò lọ, kò bọ̀, ni abíyá síńgíléètì yẹn bá dúró sí mi lójú gbangba. Mo sáré jáde. Ìdí igi ọsàn ni mo bì sí. Mo bì títí ó fi ku omi lásán, tí omi náà sì korò.

Nígbà tí mo gbórí sókè, Màmá Tíṣà ti dúró lẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Oṣù mélòó ni?" ni ó béèrè.

"Oṣù kí ni, mà?"

"Mo ti bímọ rí, má tàn mí. Oṣù mélòó ni oyún yẹn?"

Mo yíjú sí ọmọ rẹ̀ tí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá yọwọ́ Ọlọ́run àti èmi, òun nìkan ni ó mọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé oyún kò lè sí níbẹ̀. A ti jọ pinnu pé a óò dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó; òun gan-an ni ó dá a lábàá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń retí lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ìwọ náà mọ àwọn ọmọ tí wọ́n fi ìbẹ̀rù tọ́. Kí wọ́n tó mọ ohun tí ń bí àgbà nínú, àyà wọn ti kan ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má bínú."

Ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá bi í títí di òní, yóò ní òun kò jẹ́wọ́ nǹkan kan, òun kàn fẹ́ kí ọkàn ìyá òun rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rí ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ tí ó ń bẹ̀bẹ̀, kí ni kí ó rò? Ó ká ọwọ́ lé orí, ó bú sẹ́kún.

Ohun tí ó ń sunkún lé lórí kì í ṣe kékeré. Nínú ìjọ wọn, ìyàwó tí ó bá ti lóyún kò ní wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìta ni wọn yóò ti gbàdúrà ráńpẹ́ fún un, láìsí ẹ̀wù funfun, gbogbo ìlú yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Òun tí í ṣe olórí àwọn obìnrin ni ó máa ń dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ní tèmi, bàbá mi ni mo rò, tí ó jókòó sídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, tí ó ń hun aṣọ ọmọ tí kò dójú ti òun. Orúkọ tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà ọmọdé fẹ́ bá èébì lọ.

Mo wá àwáwí. Mo ní inú ló ń run mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe. Mo ní bóyá ìrìn àjò ni. Ó ní ìrìn àjò wo, láti Ìsẹ́yìn síbí? Mo ní òórùn kan ni kò bá mi lára mu. "Áà, òórùn!" ni ó kígbe, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó ti ń kórìíra òórùn!" Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti fi gba ara mi sílẹ̀, oyún ni ó ń dà. Òtítọ́ nìkan ni ó kù, òun ni kò sì ṣeé sọ. Ọmọbìnrin wo ni wọn kò tíì gbé wálé tí yóò wí fún ìyá ọkọ pé oúnjẹ yín ni mo bì? Wọn á ní ilé wo ni wọ́n ti bí i.

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n wàásù. Lẹ́yìn ìsìn, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìjọ, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni ó máa ń yẹ àwọn ìyàwó wò bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ń sún mọ́lé. Ó mú ike kékeré kan fún mi, ó sì tọ́jú ohun èlò àyẹ̀wò oyún tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ṣáláńgá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n lọ tọ̀ sí. Eṣinṣin ibẹ̀ ń kùn bí oyin, ilẹ̀ rẹ̀ tutù fún ìtọ̀ àwọn tí kò rí ihò, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn lójú. Màmá Tíṣà ní kí n má ti ilẹ̀kùn, kí n má baà bu omi mọ́ ọn. Mo bẹ́rẹ̀ níbẹ̀, mo fi eyín di etí ẹ̀wù mi mú kí ó má kan ilẹ̀, ìyá ọkọ ọ̀la mi sì dúró, ó ń wo ibi tí ìtọ̀ mi ń gbà. Ìdọ̀tí yẹn kò rí mi lára tó ojú tí ó fi ń wò mí. Láti ibẹ̀ mo ń rí àfẹ́sọ́nà mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ó di Bíbélì mi àti báàgì mi mú, ó ń kí àwọn ọmọ ìjọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìlà kan ṣoṣo ni ó jáde. Ìyá Ìjọ ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Màmá Tíṣà ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ni ó rí. Nígbà náà ni ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dì mọ́ mi, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ gidi ni mí. Bí ẹni pé kò wò mí ní ṣáláńgá láìpẹ́ yìí! Lẹ́yìn náà ó di èjìká mi mú, ó sì béèrè tìfẹ́tìfẹ́: "Kí ló wá ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Bóyá òórùn ìtọ̀ tí ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ bàtà mi ni ó ti ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo ní, "Jáàmù yín ni, mà. Ó ń rí mi lára. Mo rí ikun yẹn, mo rí síńgíléètì, mi ò lè gbé e mì."

Ìyá Ìjọ fi etí ìborùn bo ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́ rárá. Màmá Tíṣà wò ó, ó tún wò mí. Kò bú mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì sí ohun tí ó wà lójú awò náà. Nígbà tí a jáde, ó wí fún ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le: "Ìyàwó ẹ ní jáàmù mi ń rí òun lára."

Mo wo ọmọ náà, ẹni tí ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lánàá. Ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, Mọ́mì," ni ó wí. "Kò tíì mọ oúnjẹ tó dáa ni."

Òun ni ó sìn mí lọ sí gáréèjì. Mo wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nígbà náà ni ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé níbi tí mo jókòó sí, ó fi ohùn tútù rẹ̀ yẹn sọ pé, "Ṣé o ò kàn lè gbé e mì ni? Èmi tí mò ń gbé e mì ńkọ́, ṣé mo kú?"

Mo ní, "Wọ́n ní mo lóyún, o dákẹ́."

"Mo ṣáà mọ̀ pé àyẹ̀wò máa fi hàn pé kò sí," ni ó dáhùn.

Ọkọ̀ gbéra. Mo rí i bí ó ti ń juwọ́ sí mi nínú eruku, itọ́ sì tún kún ẹnu mi. Kò sí jáàmù nítòsí, kò sí síńgíléètì. Ó yé mi pé bí mo bá fẹ́ ọkùnrin yìí, ọjọ́ gbogbo ni wọn yóò máa gbé nǹkan lé mi ní ẹnu, òun yóò sì máa rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí n gbé e mì.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí òfì, kò dá iṣẹ́ dúró. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, tí mo ní n kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́, ni ó béèrè pé, "Níbi tí wọ́n ti ń bi ọ́ lóṣù mélòó, ọkùnrin náà wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní ẹ má bínú." Bàbá mi fi ọwọ́ pa òwú náà lára, ó ní, "Aṣọ ò ní í bàjẹ́. Ẹlòmíì á rà á." Ìyá mi ni ó sunkún. Ó ní nítorí jáàmù! Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn, pé ọmọ òun kọ ọkọ nítorí ohun tí wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì? Àwọn ẹbí ọkùnrin náà wá bẹ̀bẹ̀, àwọn tiwa náà bá wọn bẹ̀ mí. Òun fúnra rẹ̀ ń pè mí lórí fóònù, má bínú ní òwúrọ̀, má bínú ní ìrọ̀lẹ́, títí n kò fi gbé e mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Màmá Tíṣà wá. Òun nìkan ni ó wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa. Mo rò pé ìjà ló gbé wá láti Ṣakí, mo sì ti pinnu pé n kò ní fèsì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà bàbá mi máa ń jókòó sí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́ torí ọmọ mi," ni ó wí. "Ìyẹn ti kọjá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé lóòótọ́ ni jáàmù mi ò dáa?"

"Kò dára, mà."

"Àbí torí síńgíléètì yẹn ni?"

"Síńgíléètì wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ náà ò dùn."

Ó mi orí, ó tún mi orí. Ó sọ fún mi pé lẹ́yìn tí mo lọ tán ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá jáàmù òun kiri. Òun bá ìgò òun lábẹ́ àga nílé aládùúgbò, òun bá òmíràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìyá Ìjọ, ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí èèrà ti wọ̀, tí ó ti hu ewú. Òun bá búrẹ́dì ọkọ òun lẹ́yìn ilé ewúrẹ́, ó gbẹ bí èèpo igi. Ewúrẹ́ kò fẹnu kàn án.

"Gbogbo wọn ló ń sọ pé ó dùn," ni ó wí. "Gbogbo wọn pátá. Ọmọ tí mo fi ọmú bọ́ ń jẹ ohun tó ń rí i lára níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kí ni wọ́n tún ń gbé mì lọ́dọ̀ mi tí mi ò mọ̀?"

Òfì bàbá mi dákẹ́. Mo bu omi fún un, ó mu ún tán, ó dá ife padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni pé èmi ni àgbà. Obìnrin tí ó dúró tì mí ní ṣáláńgá yìí kan náà ni, n kò gbàgbé ìyẹn, n kò sì tíì dárí rẹ̀ jì í tán títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn yòókù ni ó kó mi nírìíra jù, àwọn onísùúrù, àwọn olóhùn jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín bo ènìyàn lójú, tí wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìfẹ́.

Mo ti lọ́kọ báyìí, mo sì ti bímọ. Ọkọ mi a máa jiyàn, a jọ máa ń jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, àwọn aládùúgbò sì mọ̀ wá mọ́ ọn. Láìpẹ́ yìí ni mo se ọbẹ̀ kan tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, mo sì ti rí i lójú ọkọ mi pé ó ń wá bí yóò ti sọ ọ́. Ọmọ wa obìnrin kò wá nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó fi kan ẹnu, ó tu ú padà sínú àwo, ó ní, "Mọ́mì, kò dùn." Bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, pé wọn kì í tu oúnjẹ síwájú ẹni tí ó sè é. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi gbé àwo náà, tòun ti ohun tí ó tu sínú rẹ̀ àti itọ́ rẹ̀ tí ó ń fà létí àwo, mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, kò sì rí mi lára rárá.